Ojú Tí Bàbá Mi Fún Wa

Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í da bàbá mi láàmú, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun bá wọn lórí àìsàn rí ní abúlé wa. Àgbẹ̀ obì ni wọ́n, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìlá. Ẹni tó bá tètè jí yóò fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wá pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá àwọn gun igi tó bá ga jù. Bí ibà bá ń jà ládùúgbò, àwọn èèyàn a ní, "Ẹ wo baba yẹn, orí fífọ́ lásán kò mọ ilé wọn." Àwa ọmọ wọn a sì máa yangàn. A gbà pé ara líle náà ti ara wọn ṣàn wọ inú tiwa, bí ìgbà tí èèyàn da omi láti inú ìkòkò kan sí òmíràn.

Ìyá mi kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ọmọ Ìgbájọ ni wọ́n, ìlú tí òkè yí ká, wọ́n sì ní òkè tí àwọn ń pọ́n láti kékeré ló sọ ẹsẹ̀ àwọn di irin. Bí wọ́n bá rí mi tí mo ru ẹrù obì wọlé láìmí hẹlẹ, wọn a pariwo pé, "Ẹsẹ̀ tèmi nìyẹn o! Kí bàbá yín má gba gbogbo ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." Òótọ́ sì ni. Gbogbo wa la ní ẹsẹ̀ wọn, títí kan ọmọbìnrin tí èmi náà bí.

Ohun tí a kì í sọ ni ti ojú. Ìyá tó bí bàbá mi fọ́jú kí wọ́n tó kú. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Orí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí, ìró ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ olúkúlùkù wa. Àbúrò ìyá àgbà yìí ọkùnrin náà fọ́jú. Àwọn kan ní ogbó ni, àwọn mìíràn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ pé àwọn ayé ló di ojú ìdílé náà. Nítorí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni gbogbo wa fi pa ẹnu mọ́.

Aránṣọ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlá, ṣùgbọ́n bí àkókò obì bá dé, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n lè lọ bá àwọn òbí mi kó o. Oko ni mo ti kọ́kọ́ fura. A jọ jókòó sábẹ́ igi, à ń la apó obì. Mo na ife omi sí bàbá mi láti ọwọ́ òsì wọn. Wọn kò gbà á. Mo rò pé wọ́n ń ronú nǹkan kan ni.

Mo ní, "Bàbá, omi rèé."

Wọ́n ní, "Níbo?"

Ife náà kò jìnnà sí etí wọn. Gbogbo ọrùn ni wọ́n yí kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Bàbá yín ti ń yí ọrùn bí òwìwí láti ìjọ́un. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, ẹran tó bá wà létí abọ́, wọ́n á fi sílẹ̀. Èmi kọ́kọ́ rò pé èmi ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún ni. Mo sì ń jẹ ẹ́!"

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí bàbá mi ṣubú sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì lójú gbogbo ayé. Wọ́n ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ni, mo sì ń wò wọ́n bọ̀. Wọ́n ń rìn gaan-gaan bí wọ́n ti máa ń rìn, àfi bí wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ òsì sínú kòtò bí ẹni pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níkòríta rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì ní bàbá ti mu emu yó láàárọ̀. Bàbá mi tí kò fi ẹnu kan ọtí rí! Mo sáré lọ gbé wọn. Ojúgun wọn bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ bàtà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Kò sí nǹkan. Ilẹ̀ ló yọ̀."

Ìyá mi bi wọ́n nílé pé, "Ilẹ̀ yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbà pé kí a lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ní Òṣogbo.

Dókítà tó wò wọ́n jẹ́ ọmọdébìnrin lójú mi, bóyá kò tilẹ̀ tó mi lọ́jọ́ orí. Ìlú Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Ìgbómìnà bàbá mi sì jinlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà èmi ni mo ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Ó wo inú ojú wọn pẹ̀lú iná, ó wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì í sí. Lẹ́yìn náà ó jókòó níwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí wọ́n sì tẹ ojú òsì mọ́ imú òun, kí wọ́n má wo ibòmíràn. Ó na ìka kan jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bàbá, tí ẹ bá ti rí ìka mi, ẹ sọ̀rọ̀."

Ìka náà ń bọ̀. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ń wò ó. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kígbe pé, "Bàbá, òun rèé!" Ìka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú dókítà kí wọ́n tó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti yọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó yege. Wọn kò mọ̀ pé ìka náà ti pẹ́ lójú ọ̀nà.

Dókítà gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ó pe orúkọ àìsàn náà, gulakómà. Ó ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú wá, tó ń pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. "Kì í dunni, kì í yúnni, kì í pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jí ojú kó, tí onítọ̀hún kò ní mọ̀. Bàbá, mi ò ní tàn yín. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Èyí tó kù la ó fi oògùn dì mú."

Bàbá mi ní, "Kí ló fà á? Ṣé iṣẹ́ oko ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ta ló fọ́jú nínú ìdílé yín?"

Mo wo ilẹ̀. N kò rò pé wọn yóò dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé, ta ni yóò wá sọ ọ́ fún àlejò ní Òṣogbo? Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ìyá mi."

"Ta tún ni?"

"Àbúrò wọn ọkùnrin."

"Ó máa ń rìn nínú ìdílé, Bàbá. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó mú. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá mi yí gbogbo ọrùn, wọ́n wò mí, wọ́n sì ní, "Wọ́n wà dáadáa."

Dókítà yìí gbọ́n. Kò tún bi wọ́n. Ó kàn ní, "Gbogbo àwọn tó wà dáadáa náà, ẹ kó wọn wá kí a wo ojú wọn."

A wọ ọkọ̀ padà sílé. Ìgò oògùn akánsójú tí wọ́n fún bàbá mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n dì í mú gírígírí. Nígbà tí a kọjá Ìkìrun, wọ́n ní, "Ìyá mi kò mọ̀. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ní, "Èmi ti mọ̀."

Ọdún Iléyá kò jìnnà mọ́ nígbà náà. Iléyá ni gbogbo ọmọ máa ń wálé, àwọn tó wà ní Ìlọrin, àwọn tó wà ní Èkó, tìyàwó tọkọ. Bàbá mi ti sọ fún èmi àti ìyá mi pé ọjọ́ náà làwọn yóò sọ ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò wọn obìnrin gbọ́, ó sì wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Irẹ̀sì ní àìsùn ọdún, ó kúnlẹ̀ sí iwájú wọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àna yín á wà níbẹ̀, aládùúgbò á wà níbẹ̀. A ṣì ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Wọ́n á ní ilé afọ́jú ni wá."

Bàbá mi fà á dìde. Wọ́n ní, "Tí mo bá fi í pamọ́, ilé afọ́jú náà la ó dà."

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ní ìpàdé àwọn olóko, wọ́n á gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn, wọ́n á kàn mi orí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá náà, a dé láti yídì, wọ́n ti pa àgbò, ẹran ti wà lórí iná, agbo-ilé kún. Wọ́n dìde láàárín àgbàlá, wọ́n ká etí agbádá wọn sí èjìká, gbogbo ilé sì dákẹ́ nítorí pé a kò rí irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi lẹ mọ ohun tí mo fún yín. Mo fún yín ní ara líle. Ìyá yín ní òun ló fún yín lẹ́sẹ̀, mo gbà fún un. Nǹkan kan wà tí mo tún fún yín tí n kò mọ̀. Ìyá mi ló fún èmi náà, wọn kò sì mọ̀. Ojú mi ń kú. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àìsàn ni, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbà. Ó lè wà lójú ẹnikẹ́ni nínú yín nísinsìnyí tí ẹ ń wò mí yìí, kó má sì dùn yín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù yín lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní òun kò lọ, kó má jẹ ẹran mi lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọ̀rá ẹran ń ta sínú iná, òun nìkan ló ń dún. Mo wo ojú àwọn àna wa. N kò mọ ohun tí n ó rí níbẹ̀. Ìyá mi ló kó wa yọ. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú lórí ẹní, wọ́n sì kígbe pé, "Ẹsẹ̀ tèmi ò ní àrùn kankan nínú o!" Ni gbogbo agbo-ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan tó jẹ́ àna wa sì dìde, wọ́n ní ìyá tiwọn náà fọ́jú, àwọn kò sì rí ẹni bi léèrè rí, kí bàbá mi jọ̀ọ́ sọ ibi tí dókítà náà wà fún àwọn.

Mo ti rí bàbá mi lórí igi tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Mo ti rí wọn tí wọ́n fi àdá kan ṣoṣo pa paramọ́lẹ̀. N kò rí wọn kí wọ́n tóbi lójú mi tó bí wọ́n ṣe tóbi lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ, bàbá mi sì bá mi lọ. Mo rò pé nítorí àpẹẹrẹ lásán ni, nítorí ojú mi dán bí ojú ẹyẹ. Mo ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìtan iná. Wọ́n gbé mi sí iwájú ẹ̀rọ kan, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí irin, kí n tẹjú mọ́ iwájú, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí mo bá rí iná kékeré kan. Àwọn iná náà ń ṣẹ́jú bí tanátaná, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn. Àṣé àwọn kan ń ṣẹ́jú tí n kò rí.

Dókítà obìnrin náà sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré gan-an. Ó ní ká ní n kò wá ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni ǹ bá fi máa rán aṣọ mi lọ, títí di ọjọ́ tí n ó ṣubú sí kòtò tèmi náà. Mo jáde sí gbàgede, mo jókòó ti bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì, omijé sì bọ́ lójú mi. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń rò, àti ọmọ mi. Bàbá mi gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Wọ́n wá orí mi pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Wọ́n ní, "Má bínú sí mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà mí là. Kí ni n ó bínú sí?"

Wọ́n fún èmi náà ní oògùn akánsójú, láti ọjọ́ náà sì ni ìpè wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá mi bá kí ìrun màgàríbà tán, wọ́n á ní kí ìyá mi bá àwọn tẹ nọ́ńbà mi. Wọn kì í kí mi. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ṣé o ti kán an?" N ó ní, "Mo fẹ́ kán an báyìí, Bàbá." "Ó yá, gbé orí sẹ́yìn." Àwọn náà á gbé orí sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìyá mi á sì kán an fún wọn. Mo máa ń gbọ́ tí ìyá mi ń sọ pé, "Ẹ má ṣẹ́jú! Ẹ tún ti ṣẹ́jú." Oògùn náà máa ń ta díẹ̀. Àwa méjèèjì á jọ dákẹ́ lórí fóònù títí títa náà fi lọ, lẹ́yìn náà ni a ó wá kí ara wa.

Àwọn àbúrò mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí lójú wọn. Ó ku ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa. Dírẹ́bà ni wọ́n, bọ́ọ̀sì akérò tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wà láti Ìlá lọ sí Òṣogbo. Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń dé Òṣogbo, kò ráyè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lónìí ọkọ̀ bàjẹ́, lọ́la èrò pọ̀. Bàbá mi fara dà á títí, wọ́n wá ní kí n mú àwọn lọ sí gáréèjì.

A bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Wọ́n rí wa, ojú wọn yí padà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wo èrò."

Bàbá mi ní, "Mo rí wọn. Òṣogbo lèmi náà ń lọ. Gbé mi."

Iwájú ni wọ́n jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi wà lẹ́yìn wọn. Mo rò pé bàbá mi yóò bá wọn wí lójú ọ̀nà. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń fà, ètè wọn ń mì láti Ìlá dé Òṣogbo. Nígbà tí èrò bọ́ sílẹ̀ tán, tí ó ku àwa mẹ́ta nínú ọkọ̀, ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ lo kó wá yìí. Mo bá wọn gbàdúrà láti ilé. Ṣùgbọ́n n kò lè máa bá ọ wọkọ̀ lójoojúmọ́ láti máa gbàdúrà fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé sítíárìn. Wọ́n ní, "Bàbá, mo ti mọ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ yìí, mo ti fọ́ ọ, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì tún fọ́ ọ. Mo máa ń ní ẹlòmíràn ló gbá mi. Kò sẹ́ni tó gbá mi."

Láti gáréèjì náà la ti gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Tiwọn ti jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì, wọ́n sì fún wọn lóògùn, dókítà sì sọ fún wọn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kí wọ́n má gbé èrò mọ́. N kò ní purọ́ pé inú wọn dùn. Wọ́n bínú sí dókítà, wọ́n bínú sí bàbá mi, wọ́n sì fi ilé bàbá mi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìwá. Ìyàwó wọn ló máa ń wá kí wa. Bàbá mi kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ó ṣì ń ríran láti bínú, ìyẹn tó mi."

Lọ́jọ́ kan, ní àkókò obì, ẹ̀gbọ́n mi dé oko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọn kò ṣàlàyé. Wọ́n kí bàbá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí igi. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti padà sẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ń mójú tó oko náà nísinsìnyí, wọ́n ti gbin obì tuntun sí apá ibi tó ti di igbó. Ojú wọn dúró síbi tí wọ́n bá a, kò lọ síwájú. Àwọn náà ni wọ́n kó gbogbo ọmọ àbúrò bàbá mi láti Irẹ̀sì lọ fún àyẹ̀wò. Obìnrin tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́sí ló fún wọn lówó ọkọ̀.

Bàbá mi ń darúgbó lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú òsì wọn ti ṣú pátápátá. Ojú ọ̀tún ṣì ń rí, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹni ń yọjú wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Ara wọn ṣì le. Wọ́n ń jókòó ti òkìtì obì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò mọ ihò rẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí òǹrajà kan tó bá wọn dúnàá-dúrà, tó sì lọ, tí kò fura rárá pé wọn kò ríran dáadáa.

Lọ́dún yìí ni mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé àsìkò tó. Ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìlá níbí. Ó ní, "Mọ́mì, ojú mi ò ṣe nǹkan kan."

Mo ní, "Bí ojú tèmi náà ṣe rí nìyẹn."

Bàbá mi ní àwọn yóò bá wa lọ. A sọ títí, pé ọ̀nà ti bàjẹ́, pé yóò rẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́. Nígbà tí a dé ọ̀hún, tí ọmọ mi wọlé lọ bá ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ láwùjọ láyé ọjọ́un. "Ẹ̀yin nìkan lẹ wá? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ lọ kó wọn wá. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èmi sọ ọ́ lójú àna." Obìnrin kan dá wọn lóhùn pé ọmọ òun kì í gbọ́ràn. Wọ́n ní, "Bá a wọkọ̀."

Ọmọ mi jáde, dókítà tẹ̀ lé e. Kò sí lójú rẹ̀. Kí ó máa wá lọ́dọọdún kí wọ́n máa wò ó, ṣùgbọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́, ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ èmi náà wò. Tèmi kò tíì yẹ̀ láti ibi tó wà. Bàbá mi ní kí dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní, "Alhamdulillahi."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìlá, ọmọ mi ni wọ́n ní kó jókòó ti àwọn, kó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní, "Máa sọ fún mi. Kí lo rí?"

Ó ní, "Bàbá àgbà, igbó ni."

"Igbó wo? Igbó kì í ṣe igbó lásán."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún wò. Ó ní òun rí oko ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, obìnrin kan tó fi aṣọ aláwọ̀ ewé gbọ́mọ pọ̀n, òkè kan tí kùrukùru bo orí rẹ̀ lókèèrè. Bàbá mi ní lápá ibo ni òkè náà wà. Ó ní lápá ọ̀tún. Wọ́n ní ó yẹ kí igi ìrókò kan wà níwájú díẹ̀ sí ibi tí a wà, àfi tí wọ́n bá ti gé e. Ọmọ mi na ọrùn jáde láti fèrèsé, ó ń wá a. Ó pẹ́ díẹ̀.

Ó kígbe pé, "Ó wà níbẹ̀ o! Mo ti rí i. Àwọn ẹyẹ funfun bà lé e lórí, Bàbá, wọ́n pọ̀ gan-an."

Bàbá mi mi orí. Wọ́n ní, "Ẹyẹ. Ìyẹn ò sí nígbà tèmi. Máa bá a lọ."